Ibo Ni Ó Yẹ Kí A Ti Wo Rọ́kẹ́ẹ̀tì Bí Ó Ti Ń Gbéra? Ìfiwéra Florida, Texas, California, Kourou, Baikonur àti Ojú Ẹ̀rọ Nínú Ilé

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti fà sí ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ tí yóò fi máa bèèrè ibi tí òun lè dúró sí láti fojú ara òun rí i bí ó ti ń kúrò nílẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí kò sí àwòrán tí ó lè gbé ìró rẹ̀ dé àyà ènìyàn bí ó ti máa ń rí fún ẹni tí ó wà ní etíkun tí ó súnmọ́ ibùdó ìgbéra. Ṣùgbọ́n owó kékeré kọ́ ni ìrìn àjò náà ń gbà, àwọn ibi tí a lè yàn sì yàtọ̀ síra gidigidi. Ibòmíràn wà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó tóbi jùlọ láyé ti ń gbéra, ṣùgbọ́n tí oṣù méjì lè kọjá kí ẹyọ kan tó gbéra. Ibòmíràn sì wà tí ìwòran fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ó jẹ́ pé físà àti owó ọkọ̀ òfurufú ni yóò gbọ́n àpò ẹni gbẹ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Òṣùwọ̀n mẹ́rin ni mo ń lò. Èkíní ni owó, kì í sì í ṣe ti ẹnubodè nìkan, bí kò ṣe ti físà, ti ọkọ̀ òfurufú, ti ọkọ̀ tí a ó háyà àti ti iye òru tí a ó sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Èkejì ni ìdánilójú pé nǹkan yóò gbéra nígbà tí a bá wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ojú yóò rí àti ohun tí etí yóò gbọ́. Ẹ̀kẹrin ni bí ibẹ̀ ṣe bá ipò wa mu: bóyá ọmọdé wà pẹ̀lú wa, bóyá àgbàlagbà tí kò lè dúró pẹ́ ń bá wa lọ, àti irú ìwé ìrìnnà tí a ní lọ́wọ́.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èkejì ni mo fi ṣe olórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kọ́kọ́ ń wo bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe tóbi tó tàbí bí a ṣe lè súnmọ́ ọn tó, wọ́n á wá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lé ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rí nínú ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí a dá fún rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í dúró bí ọjọ́ tí a dá fún ìgbéyàwó. Àpẹẹrẹ kan kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Nigeria EduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ ṣe pẹ̀lú Kyushu Institute of Technology ti ilẹ̀ Japan, wà nínú ẹrù tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 ti ilé iṣẹ́ SpaceX fẹ́ gbé lọ sí ISS, ibùdó àgbáyé tí ènìyàn ń gbé lókè òfurufú, láti Florida. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni wọ́n dá, ṣùgbọ́n mànàmáná kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ọjọ́ kẹta ni ó tó gbéra. Ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ lọ wò ó, tí ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àtipadà fún ọjọ́ kejì, ìbá ti délé kí iṣẹ́ ọwọ́ ará ìlú rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí ọjọ́ fi ń yẹ̀ bẹ́ẹ̀. ISS ń yí ayé ká lójú ọ̀nà kan pàtó, ayé pẹ̀lú sì ń yí lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ló wà lójúmọ́ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbéra kí ó sì bọ́ sí ọ̀nà náà dáadáa. Bí kùrukùrù kan bá dí ìṣẹ́jú yẹn lọ́wọ́, ó di ọjọ́ mìíràn. Àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń gbé Starlink, sátẹ́láìtì íntánẹ́ẹ̀tì ti SpaceX, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ní àyè wákàtí bíi mẹ́rin, tí wọ́n lè fi dúró de òjò kí ó dá. Ẹni tí ó bá ń wá ìdánilójú, kí ó máa wo ìyàtọ̀ yìí kí ó tó yan ọjọ́.

Florida

Etíkun ìlà-oòrùn Florida, níbi tí Kennedy Space Center àti Cape Canaveral wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ni mo kọ́kọ́ máa ń darí ènìyàn sí. Ní ọdún 2023, ìgbéra tí ó wáyé níbẹ̀ jẹ́ 72. Ní 2024 ó lé ní 90, èyí tí ó já sí ẹyọ kan ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Kò sí ibòmíràn tí àlejò lè tètè dé tí ó ní irú àǹfààní yìí. Ẹni tí ó bá fún ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tí àkọ́kọ́ bá yẹ̀, èkejì ṣì lè bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Florida kì í ṣe ojú kan. Pèpéle ibẹ̀, ìyẹn ojú ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń gbéra, pọ̀, wọ́n sì tẹ́ lọ láti àríwá dé gúúsù, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ mọ pèpéle tí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò lò kí ẹ tó yan ibi ìdúró. Fún pèpéle 39A àti 39B tí ó wà ní àríwá, etíkun Playalinda ló súnmọ́ jù nínú àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀. Owó ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà ní ẹnubodè, iyanrìn sì lẹ̀ ń dúró sí láìsí ohun tí ó dí ojú yín. Àléébù rẹ̀ ni pé ọgbà ìjọba ni, wọ́n sì ń tì í nírọ̀lẹ́, nítorí náà kò wúlò fún ìgbéra òru. Fún pèpéle tí ó wà ní gúúsù, bí 40 àti 41, Jetty Park ní Port Canaveral àti etíkun Cocoa Beach dára. Titusville ní òdìkejì odò ló rọrùn jùlọ: Space View Park àti afárá Max Brewer kò gba kọ́bọ̀, ilé oúnjẹ wà nítòsí, ènìyàn sì lè dé ibẹ̀ lóru.

Ẹni tí ó bá fẹ́ san owó láti súnmọ́ sí i lè lọ sí ọgbà àlejò Kennedy Space Center. Owó ẹnubodè àgbàlagbà lé ní dọ́là 70, fún àwọn ìgbéra ńláńlá wọ́n sì máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìwòran lọ́tọ̀. Nínú àwọn ibi ìwòran wọn, ti Apollo/Saturn V Center, tí ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 6 sí 39A, ni mo fẹ́ràn jù. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V kan, irú èyí tí ó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá, dùbúlẹ̀ nínú ilé náà láti ìdí dé orí, àwọn ọmọdé á sì ti mọ bí ohun tí wọ́n ń retí ṣe tóbi tó kí wọ́n tó jáde síta. Fún ìdílé, ó tọ́ sí owó rẹ̀. Fún ẹni tí ó dá lọ, tí ìgbéra nìkan sì jẹ lógún, kí ó fi owó náà san òtẹ́ẹ̀lì òru kan sí i ní Titusville. Òru kan yẹn yóò ṣe é lóore ju kìlómítà mélòó kan lọ.

Ohun tí ẹ ó rí nìyí. Nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo àti ọ́síjìn tútù nini sínú Falcon 9. Bí ẹ bá ní awò lọ́wọ́, ẹ ó rí èéfín funfun tí ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ òkun sì ń fẹ́ ẹ lọ. Èéfín yẹn ni àmì pé wọ́n múra tán lóòótọ́. Bí àkókò bá ti wọlé tí kò sì sí èéfín, ẹ má retí nǹkan kan láìpẹ́. Nígbà tí iná bá sọ, ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣáájú. Ìró ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹni tí ó wà ní Titusville, tí ó fi nǹkan bí kìlómítà 19 jìnnà sí 39A, yóò wo rọ́kẹ́ẹ̀tì náà fún bí ìṣẹ́jú kan tí yóò máa gòkè nínú ìdákẹ́jẹ́ kí ìró tó dé. Ìró náà kì í sì í ṣe híhó lásán. Ó ń já wìnnìwìnnì bí ìgbà tí ènìyàn púpọ̀ ń fa aṣọ òkè ya pa pọ̀, awọ àyà ẹni a sì máa gbọ̀n tẹ̀ lé e.

Nígbà mìíràn, apá ìsàlẹ̀ Falcon 9 máa ń padà wá balẹ̀ sí Cape Canaveral ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbéra, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́kọ́ ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2015. Bí ó ti ń sáré ju ìró lọ bọ̀ wálẹ̀, ó máa ń dún gbì, gbì, tí fèrèsé ilé á fi mì. Ti Starlink sábà máa ń balẹ̀ sórí ọkọ̀ lójú agbami, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìpadàbọ̀ gbọ́dọ̀ wádìí ibi tí èyí tí ó fẹ́ wò yóò balẹ̀ sí. Bí ìbalẹ̀ bá wà ní ilẹ̀, mo rò pé ó tọ́ kí ènìyàn sún ìrìn àjò rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn nítorí rẹ̀.

Ní ti ohun tí ń dí ìgbéra lọ́wọ́, ojú ọjọ́ ni baba wọn. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, òjò àti àrá máa ń ṣú ní ọ̀sán Florida, nítorí náà ìgbéra àárọ̀ tàbí òru ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní àsìkò yẹn. Ìdí wà tí wọn kò fi ń fi mànàmáná ṣeré: ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, Apollo 12, tí ó ń gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá, gbéra sínú òjò, mànàmáná sì kọlù ú lẹ́ẹ̀mejì kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Nígbà mìíràn, ohun tí ènìyàn kò tilẹ̀ rò ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ń gbé arìnrìn-àjò afẹ́ wọ ibi tí wọ́n ti ní kí ọkọ̀ má wọ̀ lójú òkun, wọ́n sì sún ìgbéra náà di ọjọ́ kejì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ló burú jù. Artemis I ti NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2022 fún, kò gbéra títí di ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, nítorí ẹ́ńjìnnì tí wọn kò rí àrídájú pé ó tutù tó, haidrójìn tí ń jò, àti ìjì líle tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe gbé gbogbo owó ìsinmi yín lé irú èyí, àfi bí ẹ bá ń gbé nítòsí.

Texas

Ní ìpẹ̀kun gúúsù Texas, lẹ́bàá Brownsville, ni Starbase wà, ibi tí Starship, rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ti SpaceX, ti ń gbéra. Bí ìwọ̀n àti ìró nìkan ni a bá ń wò, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: ó ga ju mítà 120 lọ, ẹ́ńjìnnì 33 ló wà nídìí rẹ̀, agbára ìgbéra rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti Saturn V tí ó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà wá sí ibi tí ó ti gbéra, apá irin méjì tí ó wà lára ilé ìṣọ́ ibẹ̀ sì gbá a mú lójú afẹ́fẹ́. Ìran tí ènìyàn lè la òkè àti odò kọjá nítorí rẹ̀ ni.

Ibi tí ó dára jù láti dúró ni Isla Blanca Park ní ìkángun South Padre Island, ní nǹkan bí kìlómítà 8 sí pèpéle, tí omi nìkan wà láàrin. Wọ́n ń gba owó ọkọ̀ níbẹ̀, kò sì pọ̀. Àǹfààní kan tí Florida kò ní ni pé ojú títì ọba ló kọjá níwájú ibùdó náà gan-an, nítorí náà ní ọjọ́ tí wọn kò bá tì í, ènìyàn lè wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ kí ó sì wo irin tí ń dán náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ìṣòro rẹ̀ ni ìdánilójú. Ní gbogbo ọdún 2025, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ni Starship gbéra. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ni wọ́n dá fún ìgbéra kẹwàá, ó yẹ̀, ó yẹ̀ ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú, ọjọ́ 26 ni ó tó lọ. Ẹni tí ó ń gbé ní Houston lè fara da èyí, nítorí wákàtí mẹ́fà tàbí kí ó dín díẹ̀ ni ìrìn náà lójú títì, ó sì lè dúró sílé títí ọjọ́ yóò fi fẹ́ẹ̀ pé. Ẹni tí ó ń ti Ìbàdàn tàbí London bọ̀ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Kí a sì rántí pé ìdánwò ni ìgbéra wọ̀nyí ṣì jẹ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, kọnkéré pèpéle fọ́ túútúú, eruku sì fò dé Port Isabel.

California

Vandenberg, ibùdó ìgbéra ti California, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbéra ibẹ̀ ti pọ̀, ó lé ní 40 ní ọdún 2024, etíkun ìta gbangba wà nítòsí ní agbègbè Lompoc, ṣùgbọ́n kùrukùrù òkun máa ń bo pèpéle tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbọ́ ìró kí ó má rí iná rárá. Ohun tí ó tayọ níbẹ̀ ni ìgbéra ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti wọ̀ fún ẹni tí ó wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń ràn sára èéfín rọ́kẹ́ẹ̀tì lókè. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2017, irú rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ funfun àti àwọ̀ aró sí gbogbo ojú sánmà Los Angeles. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Los Angeles kò ní náwó kankan. Kí ó sáà jáde síta.

Kourou

Ibùdó Kourou ní Guyane, ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni mo rò pé àwọn òǹkàwé wa ní Kútọnu, Pọ̀tọ̀nóvò àti Lomé lè gbádùn ju àwa yòókù lọ, nítorí èdè Faransé ni gbogbo nǹkan ibẹ̀ ń gbà. Ọdún 1964 ni Faransé yan ibẹ̀, nítorí ó wà ní ìwọ̀n 5 péré sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, tí yíyí ayé fúnra rẹ̀ ti ń fún rọ́kẹ́ẹ̀tì ní eré nǹkan bí kìlómítà 1,650 ní wákàtí kan kí iná tó sọ rárá. (Èkó wà ní ìwọ̀n 6 àti ààbọ̀, àǹfààní tí Kourou ní yìí, àwa náà ní in, inú mi yóò sì dùn gidigidi bí a bá lò ó lọ́jọ́ kan.)

Láti ibẹ̀ ni awò ńlá James Webb ti gbéra ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2021. Ìwòran jẹ́ ọ̀fẹ́: CNES, àjọ ìjọba Faransé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú, ní àwọn ibi ìwòran tí ènìyàn ń forúkọ sílẹ̀ fún ṣáájú, àyè ibẹ̀ sì máa ń tètè kún. Owó tí ẹ ó ná wà lójú ọ̀nà: ọkọ̀ òfurufú sí Paris, òmíràn láti Orly sí Cayenne, àti nǹkan bí kìlómítà 60 lójú títì. Físà Schengen lásán kò tó, nítorí Guyane kò sí lára Schengen. Ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè èyí tí ó kàn án. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú jẹ́ dandan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní káàdì rẹ̀.

Ní ti ìdánilójú, Kourou kò lágbára. Ní ọdún 2025, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 6 ti ilẹ̀ Yúróòpù gbéra lẹ́ẹ̀mẹrin, Vega C tiwọn lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni wọ́n dá fún àkọ́kọ́ nínú ti Ariane, ọjọ́ 6 ni ó tó lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó mú ọjọ́ mẹ́wàá kí ó sì fi ìrìn àjò sí erékùṣù Îles du Salut àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé òfurufú kún un, kí àjò má baà di òfo.

Baikonur

Ní Baikonur ní ilẹ̀ Kazakhstan ni Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ láyé, ti gbéra ní ọdún 1957, láti ibẹ̀ sì ni Yuri Gagarin, ènìyàn àkọ́kọ́ tí ó dé òfurufú, ti lọ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1961. Soyuz, rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ará Rọ́ṣíà tí ń gbéra níbẹ̀, kì í sábà yẹ ọjọ́ rẹ̀. Ó ti gbéra nínú yìnyín rí, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011. A sì lè wo bí ọkọ̀ ojú irin ti ń fà á jáde ní ìdájí, tí wọ́n á sì gbé e nàró. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré ni èyí tí ń gbé ènìyàn ń gbéra lọ́dún, ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò ló ń kó àlejò lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń gbà, ìyọ̀ǹda ìwọlé sì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Láti ọdún 2019 ni wọn kò ti lo pèpéle tí Gagarin ti gbéra mọ́. Èyí tí wọ́n ń lò dípò rẹ̀ sì bàjẹ́ nígbà ìgbéra ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Ẹ wádìí dáadáa bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀ kí ẹ tó fi owó lélẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ nínú ilé

N kò ka èyí sí àṣàyàn aláìnílárí. Àjọ NASA àti SpaceX ń fi ìgbéra wọn hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà nìkan ni ẹ ó sì san. Ohun kan wà tí ẹni tí ó wà ní etíkun kò lè rí ní ìsúnmọ́ bẹ́ẹ̀: ìyapa apá méjèèjì rọ́kẹ́ẹ̀tì lókè téńté, àti ayé tí ń tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá yẹ̀, ẹ kò pàdánù ju oorun lọ. Ìró nìkan ni kò sí, ó sì jẹ́ àdánù ńlá.

Ta ni kí ó yan èwo?

Ẹni tí yóò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, tí ó sì ní físà Amẹ́ríkà, kí ó lọ sí Florida fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ó sùn ní Titusville, kí ó sì yan ọ̀sẹ̀ tí ìgbéra méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Ìdílé tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ tàbí ìyá àgbà, Florida náà ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n san owó ọgbà àlejò, nítorí ìjókòó, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti òjìji wà níbẹ̀. Àwọn ará wa ní Atlanta, tí wọ́n lè wakọ̀ débẹ̀ láàrin nǹkan bí wákàtí méje, lè máa dúró de ìgbéra tí apá ìsàlẹ̀ yóò ti padà balẹ̀ sí ilẹ̀.

Ẹni tí ó ti rí Falcon 9 rí, tí ó sì ń gbé ní Texas, kí ó lọ wo Starship, kí ó má sì gba òtẹ́ẹ̀lì tí kò ní dá owó rẹ̀ padà bí ọjọ́ bá yẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Faransé, tàbí tí ó ní ìwé ìrìnnà Britain tí kò fi nílò físà fún ìbẹ̀wò kúkúrú, kí ó ro ti Kourou. Baikonur jẹ́ ti ẹni tí ìtàn jẹ lógún ju iná lọ, tí owó kò sì jẹ́ ìṣòro fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́, tí kò tíì ní físà kankan, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ lónìí. Kí ó fi wákàtí márùn-ún kún aago Florida nígbà tí aago wọn bá wà ní ti ìgbà ooru wọn, tàbí mẹ́fà nígbà òtútù wọn. Kí ó sì ṣí i nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú 35, nítorí ìgbà náà ni epo ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.